Serp, herp, rept: bí a ṣe ń tú orúkọ sáyẹ́ǹsì àwọn afàyàfà

Bí ẹnìkan bá dé ọsibítù n'Ílọrin, tó ní oká ló ṣán òun, dókítà kò tíì mọ ejò tó ṣán an. Oká tí àwọn kan ń sọ, ejò kúkúrú tó sanra, tó máa ń sùn sójú ọ̀nà oko, ni. Oká tàwọn mìíràn, èyí tó ń na ọrùn sókè tó sì ń fẹ̀ ẹ́ ni. Ṣèbé àti agbádú náà kì í dúró sójú kan láti ìlú dé ìlú. Kò sí àbùkù níbẹ̀, bí orúkọ ìbílẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn káàkiri ayé. Àmọ́ ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré l'Ómù-Àrán tàbí l'Ájàṣẹ́-Ìpo, mọ orúkọ sáyẹ́ǹsì àwọn ẹranko yìí, kó sì mọ̀ ọ́n débi tí á fi lè tú u.

Títú u gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC máa ń há a sórí bí ọfọ̀ tí wọn ò mọ ohun tó ń pè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ó ti fò lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpèjúwe lásán ni púpọ̀ nínú àwọn orúkọ náà: àwọ̀, ọrùn, ojú, ìka, ìrìn. Ẹni tó bá ní gbòǹgbò ọ̀rọ̀ bí ogún lọ́wọ́ á ka ọ̀pọ̀ nínú wọn láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ìrìn. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta lẹ máa bá pàdé jù, gbogbo wọn ló sì túmọ̀ sí kí nǹkan máa wọ́, kó máa rákò nílẹ̀. Serpere àti repere, Látìn ni. Herpein, Gíríìkì ni. Serpere ló bí serpens, ìyẹn ejò. Repere ló bí reptilis, tí àwọn Òyìnbó sọ di reptile. Herpein ló bí herpeton, ohunkóhun tó bá ń rákò, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ herpetology, ìmọ̀ nípa ejò, alángbá, ìjàpá, ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́.

Serpere àti herpein, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láyé àtijọ́, s tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí fáwẹ̀lì sì tẹ̀ lé e, di h lẹ́nu àwọn Gíríìkì. Látìn ò yí tirẹ̀ padà. Ẹ gbé wọn síra kẹ́ ẹ wò ó. Látìn pe eéje ní septem, Gíríìkì pè é ní hepta. Ẹẹ́fà jẹ́ sex níhìn-ín, ó jẹ́ hex lọ́hùn-ún. Ìlàjì jẹ́ semi, ó jẹ́ hemi.  Kódà oòrùn, tó jẹ́ sol fún Látìn, helios ni fún Gíríìkì. Serp àti herp náà nìyẹn. Sanskrit ní Íńdíà mú s tirẹ̀ dání, sarpa ni wọ́n ń pe ejò níbẹ̀. Repere ní tirẹ̀ ní gbòǹgbò lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà tí wọ́n jọ ní tàn yín.

Yorùbá tiwa, àyà ló wò: afàyàfà. Ẹni tó bá ti ilé kéwú kọjá n'Ílọrin á rántí Súrá An-Nūr, ẹsẹ 45, tó ní nínú àwọn ẹ̀dá, àwọn kan ń fi ikùn wọn rìn. Ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá lò fún ẹ̀dá níbẹ̀, dābbah, inú dabba tó túmọ̀ sí rírákò ló ti jáde. Gíríìkì náà mọ ìrìn ikùn yẹn, àmọ́ ìgbín ni wọ́n fún lórúkọ rẹ̀: gastēr ni ikùn, pous ni ẹsẹ̀, ó di gastropod.

Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀lọ́ fi wà lábẹ́ herpetology nígbà tí kì í ṣe afàyàfà. Orúkọ náà ti dàgbà ju ìpínsọ́tọ̀ lọ ni. Nígbà tí Linnaeus ará Sweden tẹ ìwé rẹ̀ ní 1758, inú agbo kan ṣoṣo tó pè ní Amphibia ló kó ejò, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ sí. Amphi jẹ́ ìhà méjèèjì, bios jẹ́ ìwàláàyè: omi àti ilẹ̀. Ní 1768, Laurenti kọ Reptilia sílẹ̀ ní Vienna, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà nínú tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rìn ló fi pín wọn: Salientia ni àwọn tó ń fò, Gradientia ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, Serpentia ni àwọn tó ń wọ́. Ìgbà tó di 1825 ni Latreille ará Faransé yà wọ́n sí agbo méjì. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ò tẹ̀ lé wọn yà.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Herp àti herb ò bára wọn tan rárá. Herba ni koríko fún Látìn. Herbivore ń jẹ ewé ni, kì í rákò. Ẹ̀wẹ̀, herpes tí wọ́n ń pè lórúkọ àìsàn, ọmọ herpein ni lóòótọ́. Ohunkóhun tó bá ń rá lójú awọ ara láti ibì kan dé ibòmíràn ni àwọn oníṣègùn Gíríìkì ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú herpes zoster, zōstēr ni ìgbànú, nítorí pé ó máa ń yí ẹ̀gbẹ́ kan ìbàdí tàbí ìhà ká, kò sì sábà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Làpálàpá náà ní orúkọ àtijọ́ tó ti inú serpere jáde, serpigo.

Ó kan ejò wàyí, níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè gba ẹ̀mí là. Orúkọ sáyẹ́ǹsì jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Ti àkọ́kọ́ ni ti ẹbí (genus), lẹ́tà ńlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni ti ejò náà gan-an, lẹ́tà kékeré ni, ì báà tiẹ̀ jẹ́ orúkọ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ máa ti ẹ̀yìn tú u: ẹ kọ́kọ́ gé ìdí ọ̀rọ̀ kejì kúrò (-us, -a, -um, -is, -ans, -atus), kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó wá yíjú sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ mú Bitis arietans, paramọ́lẹ̀ tó sanra yẹn. Aries ni àgbò. Arietare ni kíkàn bí àgbò, arietans sì ni èyí tó ń kàn. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí i tó ń bu nǹkan ṣán: gbogbo agbára ara ló fi ń ju orí rẹ̀ síwájú. Kì í tètè sá fún èèyàn bí ejò mìíràn. Ó máa ń dákẹ́ sójú kan títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Naja nigricollis ni èyí tó ń tu oró síni lójú. Naja ti inú nāga wá, tí í ṣe ejò ní Sanskrit. Nigr- ni dúdú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni -collis. Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ Látìn, ẹ máa rí collis tó jẹ́ òkè, ẹ ó sì rò pé ejò orí òkè dúdú ni. Rárá o. Collum tó jẹ́ ọrùn ló wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti so ó mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi ṣe àpèjúwe, -um á yí sí -is. Ọlọ́rùn dúdú ni. Bó bá sì nà ró, dúdú yẹn á hàn lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Bó bá tu oró sójú ẹnìkan, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, omi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn. Kì í ṣe àgbo, kì í ṣe ìtọ̀.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa: Echis ocellatus. Kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Echis ni orúkọ tí Gíríìkì ń pe irú ejò bíi paramọ́lẹ̀. Oculus ni ojú fún Látìn, ocellus ni ojú kékeré, ocellatus ni ẹlẹ́yinjú kéékèèké. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ẹ máa rí àmì funfun róbótó-róbótó tó tò lọ bí ojú. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa jáde lẹ́rìgì ẹni tó ṣán. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ kankan lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fa mílílítà 2 ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan, ẹ dà á sínú túùbù onígíláàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láì mì í, lẹ́yìn náà ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró náà ti jẹ ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tán. Túùbù ni ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Oníke ò dára, nítorí gíláàsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ láti dì. Èyí tí wọ́n sì ti fi ọṣẹ fọ̀ rí lè ṣì yín lọ́nà bákan náà. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ejò ò ṣán dán irú túùbù kan náà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kí aláìsàn má rìn káàkiri, kẹ́ ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ tàbí apá náà ró kó má mì. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin.

Ara páálí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò náà ni ìmọ̀ orúkọ ti ń ṣiṣẹ́. EchiTAbG, Echis nìkan ló wà fún. EchiTAb-Plus-ICP wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo tò sókè yìí: Echis, Bitis arietans àti Naja nigricollis. Ẹni tó bá fi EchiTAbG tọ́jú ẹni tí Naja ṣán ti fi oògùn ṣòfò, ó sì ti fi àkókò ṣòfò. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bẹ́ ẹ bá bá Echis romani pàdé nínú ìwé tuntun. Ní 2018, onímọ̀ kan pín ocellatus sí méjì, ó sì fún àwọn tó wà níhà ìlà-oòrùn, tó fi mọ́ ti Nàìjíríà, ní orúkọ romani. Echis ò kúrò níwájú rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà ò yí padà.

Ejò kan wà tó máa ń ṣe bí Echis, ṣùgbọ́n tí kò ní oró rárá: Dasypeltis, tó ń gbé ẹyin ẹyẹ mì. Dasys ni onírun tàbí ṣákiṣàki, peltē sì ni asà kékeré. Ìpẹ́ rẹ̀ ló ń júwe. Bí Echis ṣe máa ń fi ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara gbo ara wọn títí á fi dún ṣììì, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ Dasypeltis ló ti kú ikú ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí ariwo yẹn.

Atractaspis ò ṣe é fojú di. Atraktos ni ìrànwú, aspis sì ni orúkọ tí Gíríìkì fún asà àti fún irú ejò olóró kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, inú ilẹ̀ ló ń gbé, orí rẹ̀ ò fẹ̀. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ejò lọ́rùn mú, òun ló ń bá wọn. Kò ní láti lanu kó tó ṣe iṣẹ́ ibi: eyín oró kan á yọ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á sì gún ìka tó di í mú. Kò sí ibi téèyàn lè fọwọ́ dì í mú láìséwu.

Tẹ́ ẹ bá ń walẹ̀, tẹ́ ẹ rí ohun tó dà bí ekòló ńlá tó ń dán, Afrotyphlops punctatus lè ni. Typhlos ni afọ́jú, ōps ni ojú, punctatus ni alámì tótòtó. Ìrù rẹ̀ kúkúrú, ó sì rí bọ̀ǹbọ̀ bí orí, nìdí tí àwọn kan fi ń pè é ní ejò olórí méjì. Kò ní oró. Ìjálọ ilẹ̀ àti ikán ló ń jẹ.

Erè ńlá tiwa, Python sebae (Gmelin, 1789), fún mi láyè láti sọ nǹkan méjì tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ. Pythōn ni ejò inú ìtàn Gíríìkì tí Apollo pa ní Delphi. Albertus Seba, tó ń ta oògùn ní Amsterdam tó sì ń kó ẹranko jọ, ni wọ́n fi sebae bu ọlá fún. Wọ́n sọ pé -ae wà fún obìnrin, -i wà fún ọkùnrin. Ọkùnrin ni Seba, àmọ́ a ló kẹ́yìn orúkọ rẹ̀, Látìn sì ń wo ìyẹn. Nǹkan kejì ni àkámọ́ tó yí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ejò náà lórúkọ àti ọdún tó ṣe é ká: ó ń sọ pé ẹbí mìíràn ni ẹni yẹn kọ́kọ́ fi ejò náà sí, Coluber ni ti Gmelin. Naja nigricollis Reinhardt, 1843 ò ní àkámọ́, nítorí inú Naja náà ni Reinhardt fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi àkámọ́ síbi tí kò sí ti parọ́ mọ́ ẹni náà.

Àwọn tó lẹ́sẹ̀ ò ní pẹ́. Awọ́nríwọ́n etí odò ni Varanus niloticus. Waral ni Lárúbáwá ń pè é, àwọn kan ń sọ pé waran, ibẹ̀ ni Varanus ti jáde. Niloticus ni ti odò Nile. Linnaeus pè é ní Lacerta nilotica, torí Lacerta jẹ́ abo nínú Látìn. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí Varanus, tó jẹ́ akọ, ni ìdí ọ̀rọ̀ kejì yí padà. Ẹ máa ṣọ́ èyí bẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ lẹ ní lọ́wọ́. Awọ́nríwọ́n orí ilẹ̀ gbígbẹ ni Varanus exanthematicus. Exanthema ni kí nǹkan sú síni lára, ìpẹ́ tó wú lọ́rùn rẹ̀ ló fà á.

Ọmọ́nlé ara ògiri ni Hemidactylus. Hemi tí a rí lókè yẹn ni, ìlàjì. Daktylos ni ìka. Ẹ wo ìka rẹ̀ láti abẹ́ nígbà tó bá wà lára gíláàsì fèrèsé. Ìsàlẹ̀ ìka fẹ̀, ó ní ìlà-ìlà ní ọwọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, kó tó dé òpin, ìka á dá tẹ́ẹ́rẹ́ lójijì, á yọ sókè kúrò lórí ibi tó fẹ̀ yẹn, èékánná á sì wà lórí rẹ̀. Apá kan ìka ló ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Agẹmọ ní tirẹ̀, khamai ni ilẹ̀, leōn ni kìnnìún: kìnnìún ilẹ̀. Èmi ò tíì rí kìnnìún kankan lára agẹmọ.

Ní ti ọ̀kùn àti tanísánkò, irọ́ ni nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ wọn. Mille ni ẹgbẹ̀rún, àmọ́ títí di 2021, nígbà tí wọ́n kéde Eumillipes persephone ní Australia tó ní ẹsẹ̀ 1,306, kò sí ọ̀kùn kan tí wọ́n ka ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún. Centum ni ọgọ́rùn-ún. Iye méjì-méjì ẹsẹ̀ tanísánkò tó ti dàgbà kì í sì í pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà kò lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún géérégé. Diplopoda, tó jẹ́ ti ọ̀kùn, ló ṣeé gbára lé: diplous ni ìlọ́po méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà lára ọ̀pọ̀ oríkèé rẹ̀ níbi tí tanísánkò ti ní méjì. Ped ti Látìn ni ẹsẹ̀; ped inú pediatrics, Gíríìkì ni, ọmọdé ló túmọ̀ sí. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Sòbìà, tí àwọn àgbà Kwara mọ̀ dáadáa, ni Dracunculus medinensis. Draco ni dírágónì, -unculus sọ ọ́ di kékeré: dírágónì kékeré ti Mẹ̀dínà. Àwọn oníṣègùn Lárúbáwá pè é ní iṣan Mẹ̀dínà, torí bó ṣe ń yọ jáde bí iṣan funfun. Abo rẹ̀ lè gùn tó mítà kan. Igi kékeré ni wọ́n ń ká a mọ́, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lóòjọ́. Bó bá já sínú ẹran ara, ibẹ̀ á wú, á sì kẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbí.

Ewéko náà ń rákò. Repens àti reptans, inú repere ni wọ́n ti wá. Procumbens ni èyí tó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko ń fi repens sọ ni pé oríkèé rẹ̀ ń ta gbòǹgbò bó ṣe ń lọ. Bẹ́ ẹ bá fi ọkọ́ gé irú rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ ti gbìn ín ni. Ẹ fà á, ẹ kó o sóòrùn kó gbẹ. Procumbens kò yẹ kó ta gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, àmọ́ Tridax procumbens tó kún ẹ̀yìnkùlé wa ń ta á, torí náà orúkọ kì í ṣe òfin.

Ànàmọ́ tí Ọ̀fà fi lórúkọ ló ní èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ipomoea batatas ni. Batata wá láti ẹnu àwọn Taíno ní erékùṣù Caribbean. Ipomoea, Linnaeus ló so ó pọ̀: ips ni kòkòrò tó ń jẹ igi, homoios ni ohun tó jọ nǹkan. Ìtàkùn tó ń lọ́ bí ìdin. Kòkòrò tó sì ń ba ànàmọ́ náà jẹ́ jù nílẹ̀ wa ń jẹ́ Cylas puncticollis: punctum ni àmì tótòtó, -collis ni ọrùn tí a ti bá pàdé lára Naja, kì í ṣe òkè. Ilẹ̀ tó sán lórí ebè ló máa ń gbà wọlé dé ìdí iṣu, ibẹ̀ ni ìdin rẹ̀ á ti máa lu ihò. Ẹ máa kó ilẹ̀ bo ibi tó bá sán, ẹ gé orí ìtàkùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 fi gbìn dípò ìdí rẹ̀ tó ti gbó, torí ìdí ló máa ń yé ẹyin sí, ẹ sì má jẹ́ kó pẹ́ nínú ilẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tó wà. Ànàmọ́ tí ìdin ti jẹ máa ń korò. Ohun tó ń korò náà, ipomeamarone, ànàmọ́ fúnra rẹ̀ ló ń pò ó láti fi gbèjà ara, ẹ sì lè tú orúkọ rẹ̀ fúnra yín báyìí: Ipomoea ló wà níwájú, amarus ni kíkorò fún Látìn. Sísè kì í mú un kúrò, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ má kó irú ànàmọ́ bẹ́ẹ̀ fún ewúrẹ́ tàbí màlúù.